Ajá Mi Kò Bu Ẹnikẹ́ni Jẹ

Obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan dé ẹnu ọ̀nà mi lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ní ajá mi ń bu ènìyàn jẹ lójoojúmọ́, pé ẹni tí ó ń bù jẹ ti fẹjọ́ sùn, àti pé bó bá di Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ àwọn yóò wá gbé e lọ. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo wẹ̀yìn wo ajá náà níbi tó na gbọọrọ sí lábẹ́ igi máńgòrò bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo sì mọ̀ pé kò sí òótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti pẹ́ láyé tó láti mọ̀ pé ‘irọ́ ni’ kì í gba ajá sílẹ̀. Àlàyé ló ń gbà á. Ìdí nìyí tí mo fi ń to ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí rẹ̀: ẹni tó ṣẹ̀, ohun tó ṣe, àti bó ṣe ṣe é.

Abúlé wa kò jìnnà sí Akanran, níbi tí ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Ona-Ara, wà. Ọkọ mi ló ra ilẹ̀ tí mò ń gbé kí ó tó jáde láyé, lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà. Baba ni mo máa ń pè wọ́n. Ọdún méjìlá la fi bá ara wa gbé láìsí ìjà. Mùsùlùmí ni wọ́n. Aládùúrà ni mí, aṣọ funfun ni mo ń wọ̀ lọ sí ìjọ, ẹsẹ̀ lásán sì ni. Bí wọ́n bá pàdé mi lọ́nà láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, wọn a ní, “Ìwọ ọmọ yìí, wọ́n tún ti jí bàtà rẹ lọ.” Èmi náà a ní kí wọ́n lọ ṣọ́ tiwọn tí wọ́n ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Bí àgbàdo tútù bá ti jáde lóko wọn, ó ti jáde nílé mi nìyẹn. Bí Kérésìmesì bá dé, àwo tiwọn ni mo máa ń kọ́kọ́ bù. ‘Ìwọ’ ni wọ́n ń pè mí, bí bàbá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ mi, nítorí pé níbi iṣẹ́ mi, ‘ẹ̀yin’ ni tọmọdé tàgbà ń pè mí.

Olùkọ́ ni mí. Èdè Yorùbá ni mo kà ní yunifásítì, òun náà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama títí di òní. Mo sì ń sin ewúrẹ́ nígbà náà: abo márùn-ún, òbúkọ kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo ti ilé ẹ̀kọ́ dé, okùn mẹ́fà ni mo bá nílẹ̀ nínú ọgbà. Gígé ni wọ́n gé wọn, wọn kò tú wọn. Obìnrin kan tó kọjá níwájú ilé mi ní aago kan ní òun ṣì gbọ́ igbe wọn. Aago méjì kọjá díẹ̀ ni mo wọlé. Nítorí náà, láàárín aago kan sí aago méjì ni olè fi ṣiṣẹ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo tún kọ ọ́ sílẹ̀ pé láàárín wákàtí yẹn gan-an ni Baba máa ń jókòó lábẹ́ igi kajú tó wà létí ààlà, tí wọn a máa jẹun ọ̀sán, tí wọn a sì dojú kọ ọgbà ewúrẹ́ mi. Mo ka ìṣísẹ̀ tó wà láàárín igi náà àti ọgbà. Kò pé ọgbọ̀n.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Baba wá kí mi. Wọ́n ní, “Mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọlọ́run á fi èyí tó dára jù ú lọ rọ́pò.” Mo ní àmín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ, ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́rùn: mo gbọ́. Ẹni tó jókòó sí nǹkan bí ìṣísẹ̀ ọgbọ̀n sí ewúrẹ́ mẹ́fà, ṣé gbígbọ́ ló yẹ kó gbọ́? Ewúrẹ́ kì í ṣe adìyẹ tí ènìyàn lè ká sábẹ́ agbádá. Mi ò bi wọ́n. Mo pa á mọ́ inú, mo wá ajá lọ.

Ìran ajá tí mo rà ni wọ́n ń pè ní Bóábúùlù. Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó Gúúsù Áfíríkà ló kọ́kọ́ ń sìn ín láti ṣọ́ oko tó jìnnà sí ìlú, níbi tí ẹranko búburú ti ń wá gbé ẹran ọ̀sìn. Àyà rẹ̀ fẹ̀, orí rẹ̀ tóbi, irun rẹ̀ kúrú bí ti ẹṣin, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí erùpẹ̀ oko wa, imú àti ẹnu rẹ̀ sì dúdú bí ẹni tó ti ojú bọ àpò èédú. Bí akọ rẹ̀ bá dàgbà tán, ó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ. Ní abúlé wa, gbogbo ajá tó bá ti ga kọjá orúnkún, ‘ajá ọlọ́pàá’ ni wọ́n ń pè é. Mo ṣàlàyé títí, ó sú mi.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ajá ní ìtòsí Alakia ni mo ti rà á, ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọkùnrin náà fún mi ní bébà kan tí ó tẹ gbogbo ìwà ajá náà sí, bí ẹni ń ṣe àpèjúwe ọkọ ìyàwó fún àwọn àna. Bébà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi bírò pupa máàkì í bí iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ó kọ ọ́ pé ohun tí a bá jẹ kù ni yóò máa jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ó tó pé ọmọ oṣù mẹ́fà, ó ń jẹ ju èmi àti àlejò méjì lọ, kì í sì í ṣe ẹ̀bà àti eegun ni irú rẹ̀ fi ń dàgbà. Ẹran ló ń fẹ́, ẹja ló ń fẹ́, ẹyin ló ń fẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wọ́. A kì í sì í gbé gbogbo rẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ikùn ajá ńlá lè wú kó sì lọ́ mọ́ra, kó pa á láàárín wákàtí díẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò kọ ìyẹn síbẹ̀. Dókítà ẹran ló sọ ọ́ fún mi. Ó kọ ọ́ pé oòrùn ilẹ̀ wa kò ní í ṣe é ní nǹkankan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ahọ́n rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Agbada omi méjì ni mo máa ń gbé síta fún un. Yóò mu ọ̀kan, yóò jókòó sínú ìkejì. Ó kọ ọ́ pé ó fẹ́ràn ọmọdé. Òótọ́ ni èyí, mo fún un ní máàkì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ ohun tó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì lọ kì í ṣe ìfẹ́ tí ọmọdé lè dá gbé. Ọmọ-ọmọ mi wá lo ìsinmi, ajá náà fi ìrù kí i káàbọ̀, ọmọ náà ṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dé yàrá.

Èyí tó burú jù ló fi parí rẹ̀. Ó ní ajá náà kò nílò ẹ̀kọ́, pé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ìṣọ́ wà, pé ó mọ olè yàtọ̀ sí àlejò. Mo fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ ìyẹn. Kò sí ajá tó mọ olè. Ẹni tó ti rí rí àti ẹni tí kò rí rí ni ajá mọ̀. Bí o bá ti irú ajá bẹ́ẹ̀ mọ́lé látìgbà kékeré, gbogbo ayé ni yóò jẹ́ olè lójú rẹ̀, títí kan ẹ̀gbọ́n rẹ tó wá kí ọ. Ọdún kan gbáko ni mo fi fi okùn mú ajá yìí rìn káàkiri abúlé, kí ó lè rí ọ̀kadà, kí ó rí agboòrùn, kí ó rí obìnrin tó ru igi àti ọkùnrin tó gbé àdá, kí ó sì mọ̀ pé kò sí ohun tó kàn án níbẹ̀. Aṣọ ìjọ mi gan-an, ó kọ́kọ́ gbó o. Mo kọ́ ọ ní ‘jókòó’, mo kọ́ ọ ní ‘dúró’, mo kọ́ ọ ní ‘fi sílẹ̀’, Yorùbá pọ́ńbélé, nítorí mi ò rí ìdí tí ajá tó ń gbé ní Ona-Ara fi ní láti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un lákòókò. Mo mọ odi yí ilé ká, mo fi géètì sí i, kí itọ́ rẹ̀ má bàa kan aṣọ ẹni tó ń lọ kírun. Ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo ìyẹn, kó lọ ra àgádágodo.

Ohun gbogbo tó tọ́ kí n ṣe ni mo ṣe. Ibi orúkọ ni mo ti ṣìṣe. Mo pè é ní àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná.

Ẹ mọ bí orúkọ ajá ṣe rí láàárín wa. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Aládùúgbò là ń wò ká tó sọ ajá. Ohun tí ènìyàn ò lè là mọ́ ẹnìkejì lójú, yóò fi sọ ajá rẹ̀, yóò sì máa ké e láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó lè mú un sí i. Ajá mi ni mò ń pè. Èmi pe ajá mi ní Ojúlarí.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo ti ní èsì. Mo ní ojú ni mo rà á fún, kó lè rí ohun tó ń wọlé. Ojú la rí, ó tán. Ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá kan tó máa gbọ́ ‘ojú la rí’ tí etí rẹ̀ kò ní í parí rẹ̀ fún un pé ọ̀rẹ́ ò dénú. Ìdajì ni mo pè, odidi ni abúlé gbọ́. Odi tí mo mọ kò ga tó láti dí ohùn. Lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́, létí oko Baba, mò ń ké pé ojú la rí, ojú la rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Baba kí mi láti òdìkejì odi pé, “Ẹ káàárọ̀ o.” Mo rò pé àlejò wà lẹ́yìn mi, mo wẹ̀yìn. Èmi ni wọ́n ń kí. Láti ọjọ́ náà, mo di ‘ẹ̀yin’. Ẹ bá wa gé ẹ̀ka igi yín tó yọrí sọ́dọ̀ wa. Ẹ má bínú, ọmọ adìyẹ wa kan wọ ọgbà yín. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n bù fún mi lọ́sẹ̀ yẹn pọ̀ ju ti ọdún méjìlá lọ, ó sì tutù bí omi àmù. Kò sí ọ̀rọ̀ bàtà mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Wọn a yà fún mi lọ́nà, kí n kọjá.

Lẹ́yìn náà wọ́n ra àgbò kan, wọ́n so ó mọ́ ìdí igi kajú. Baba kì í sin ajá, nítorí náà àgbò ni wọ́n sọ lórúkọ. Mò ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ: “Kínimoṣe. Kínimoṣe, wá jẹ èèpo iṣu.” Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé àgbò kì í jẹ́ orúkọ. Èmi ni wọ́n ń bi. Ohun tó yẹ kí ẹni tó ní ọgbọ́n ṣe ni kó gbé abọ́ sílẹ̀, kó lọ dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi í. Èmi na ọrùn, mo pe ajá mi.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi ẹran bá ara wa sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ojúlarí níbí, Kínimoṣe lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń kọjá lọ sóko a dúró gbọ́ ọ. Ẹnìkan nínú wọn bi mí pé ìgbà wo ni a máa ṣe ìdána ajá àti àgbò náà. Nígbà tí Iléyá dé, wọ́n pa Kínimoṣe, wọ́n pín in yí abúlé ká. Ọdún méjìlá ni ẹran Iléyá Baba fi ń wọ ilé mi. Lọ́dún yẹn, àwo mẹ́sàn-án ló kọjá níwájú géètì mi. Mo kà wọ́n. Kò sí ọ̀kan tó yà. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó dé pẹ̀lú ìwé. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ ọwọ́ tó kọ ọ́ kí n tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: ọmọ Baba obìnrin ni, tó ń ránṣọ ní Olódò. Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ ní Yorùbá. Baba kò mọ̀wé kọ. Wọ́n sọ ọ́, ọmọ wọn kọ ọ́. Kò fi àmì ohùn kan ṣoṣo sórí rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ohun tó kọ ni pé: Aja iya tisa n bu mi lojoojumo. O ti su mi. E gba mi.

Mo kọ́kọ́ bi òṣìṣẹ́ náà pé níbo ni ojú ọgbẹ́ wà. Ó ní ìyẹn kù sọ́wọ́ dókítà, ìwé ni òun tẹ̀ lé wá. Mo gbé káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi jáde. Ó wò ó, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ajá tó bá bu ènìyàn jẹ, bó ti wù kó gba abẹ́rẹ́ tó, àwọn gbọ́dọ̀ mú un sọ́dọ̀ kí àwọn máa wò ó. Mo ní kó wo ajá náà dáadáa. Àgbàlagbà tí ohun tó tó báyìí bá ń bù jẹ lójoojúmọ́, ṣé yóò ṣẹ́ ku ẹsẹ̀ tí yóò fi rìn lọ sí Akanran lọ fẹjọ́ sùn? Ẹ̀rín gbé e, ó pa á mọ́nú.

Mo wá fi ìka lé ọ̀rọ̀ náà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ajá gé òun, ‘bù mí jẹ’ ni yóò kọ. ‘Jẹ’ dà níbí? Kò sí i. Ohun tó wà níbí kì í ṣe bù olóhùn ìsàlẹ̀, bú olóhùn òkè ni. Ajá yìí kò gé wọn jẹ. Ó ń bú wọn.

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni dìgbòlugi mú.

Ó ní, “Mà, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Ajá ń bú ènìyàn?”

“Orúkọ rẹ̀ ni.”

“Kí ni orúkọ rẹ̀?”

Mo sọ ọ́. Mo rí i bí ètè rẹ̀ ṣe mì, tó ń parí òwe náà ní ìdákẹ́jẹ́. Ó ká ìwé náà pọ̀, ó ní ó ṣeé ṣe kí n jàre, ṣùgbọ́n ọ̀gá òun ti kà á sí ‘bù’, ó sì ti fọwọ́ sí i. Bí ẹni tó fẹjọ́ sùn bá kọ ìwé mìíràn kó tó di Ọjọ́bọ̀ láti sọ pé ajá kò gé òun, ó parí. Bí kò bá kọ ọ́, ọkọ̀ yóò dé. Mo ti rí ibi tí wọ́n ń kó wọn sí. Ajá tó ní àrùn àti ajá tí kò ní, odi kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, odi náà sì ti dá lu. Èyí tí mo mọ̀ tó wọ ibẹ̀, kò padà wálé.

Mo fi odidi ọjọ́ Ìṣẹ́gun bínú. Mo jókòó, mo kọ ẹ̀sùn tèmi, ìpínrọ̀ méje, pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀: ewúrẹ́, igi kajú, ‘mo gbọ́’, Kínimoṣe, àwo mẹ́sàn-án, ìwé tí kò lámì, irọ́ ọkùnrin Alakia pàápàá. Mo fẹ́ gbé e tààrà lọ sí Akanran. Ṣùgbọ́n nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, tí mo gbé oúnjẹ fún ajá náà, tó jókòó tó ń dúró kí n tó ní ‘gbà’ bí mo ṣe kọ́ ọ, mo mọ̀ pé ìpínrọ̀ méje kò lè dá ọkọ̀ dúró. Ìlà kan láti ọwọ́ Baba ló lè dá a dúró. Mo ti ìwé mi bọ àpò, mo gba ẹnu géètì jáde, mo yí lọ sí ọ̀dọ̀ wọn.

Wọ́n ń bẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ igi kajú. Wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀.” Wọ́n gbé àpótí fún mi, wọ́n fi ọwọ́ nu ún. Mi ò jókòó. Mo ní mo ní ohun kan tí mo fẹ́ kà sí wọn létí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìpínrọ̀ kìn-ín-ní: pé láàárín aago kan sí aago méjì ọ̀sán, wọ́n jókòó síbi tí wọ́n jókòó sí yìí, olè gé okùn ewúrẹ́ mẹ́fà lójú wọn, wọ́n sì wá sọ́dọ̀ mi pé wọ́n gbọ́.

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n bi mí pé, “Ọjọ́ wo ni?”

Mo sọ oṣù.

“Mo ní ọjọ́ wo.”

Mo wo ìwé mi. Wákàtí wà níbẹ̀, ìṣísẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ kò sí níbẹ̀. Mo dúró, mo ń rò ó. Mo rántí pé ọjọ́ náà ni mo tètè délé. Aago mẹ́ta ni mo sábà máa ń dé. Lọ́jọ́ náà, aago méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Mo wá rántí ìdí tí a fi tètè jáde ní ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n ń jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ lọ kírun lọ.

Mo ní, “Jímọ̀ ni.”

Kò sí ọmọ ọwọ́ kan ní abúlé yẹn tí kò mọ̀ pé bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti tó aago méjìlá ọ̀sán, Baba á wọ jalabíà, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ sí mọ́sálásí ńlá ní Akanran, wọn kì í sì í dé kó tó di aago mẹ́ta. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń kọjá lọ fún ọdún méjìlá. Mo to gbogbo ẹ̀sùn yẹn lórí wákàtí kan tí wọ́n fi wà lórí ẹní ìkírun.

Baba tún mú ọ̀bẹ. Wọ́n ní, “Bí o bá bi mí ni, mà bá sọ fún ọ. O ò bi mí. Ajá lo lọ sọ lórúkọ.”

‘O’ ni wọ́n pè mí. Mo gbọ́ ọ, etí mi mú un. Mo wá jókòó sórí àpótí. Mo ní mo ti ń sọ fún àwọn ènìyàn pé ojú ni mo ra ajá náà fún, òun ni mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Mo mọ ìparí òwe náà lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, àwọn sì ni mo fi ń bá wí.

“Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n,” wọ́n ní. “Ṣé kì í ṣe òun ni wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì?”

Mo tọrọ àforíjì lórí ìkúnlẹ̀, nínú èèpo ẹ̀gẹ́. Wọ́n ní kí n dìde, kí ìró mi má bàa bàjẹ́. Nígbà náà ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ajá gé àwọn jẹ. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló bá àwọn kọ̀wé pé kí ìjọba bá àwọn sọ fún mi kí n yí orúkọ ajá náà padà, nítorí àwọn ò fẹ́ wá bá mi fà á. Wọ́n ní kí ló dé tí ìwé ìjọba kò gbọ́ Yorùbá? Mo ní ẹni tó kọ ọ́ ni kò kọ ọ́ dáadáa, àti pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Mo fa bébà yọ, mo ní jẹ́ kí n kọ ọ́ pé ìjà kò sí, ọ̀rọ̀ ti tán. Wọ́n kọ̀.

“Mi ò ní í sọ pé kò bú mi. Ó bú mi. Kọ ọ́ bó ṣe rí.”

Mo ní bí mo bá tún kọ ‘bú’ sórí bébà, ọ̀gá wọn á tún kà á sí ‘bù’. Wọ́n ní ṣebí èmi ni mo mọ àmì, kí n fi àmì sí i. Mo rò ó wò. Mo ní ajá kò lè bú ènìyàn, ẹni tó ni ajá ló lè bú u. Wọ́n ní, “Kọ ẹni náà síbẹ̀ nígbà náà.”

Mo ti kọ ìwé ẹ̀sùn tó pọ̀ láyé mi, sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, sí àwọn oníná, sí alága ìjọ wa pàápàá. Èyí nìkan ni mo tíì kọ sí ara mi. Lórí àpótí, lábẹ́ igi kajú, mo kọ ọ́ pé: Ajá yìí kò bù mí jẹ rí. Ẹni tó ni ín ló fi orúkọ rẹ̀ bú mi, láìjẹ̀bi. Mo kà á sókè. Baba ní kí n tún un kà. Wọ́n ní kí n fi ìka hàn wọ́n èyí tó túmọ̀ sí gígé jẹ àti èyí tó túmọ̀ sí èébú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò wọ́n, ìlà kékeré kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ àti ìlà kékeré kan tó ń gòkè. Wọ́n ní, “Ìyẹn nìkan?” Mo ní ìyẹn nìkan. Wọ́n ti àtàǹpàkò bọ inú yíǹkì ìtẹ̀ka tí mo mú wá, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i lábẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí àti gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀.

Mi ò dúró de Ọjọ́bọ̀. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Akanran lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Òṣìṣẹ́ náà ka ìwé ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì, ó gbójú sókè.

“Mà, ẹ̀yin ni wọ́n fẹ̀sùn kàn nínú èyí.”

Mo ní mo mọ̀, èmi ni mo kọ ọ́.

Ó ní, “Ẹ̀ka tiwa kì í gbé ẹni tó ń bú ènìyàn.” Ó gbé ìwé náà wọlé fún ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó ti lu òǹtẹ̀, ó sì ti fagi lé orúkọ ajá mi nínú ìwé ọkọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo ní kó fún mi ní ẹ̀dà kan. Ó ní àwọn kì í fún ènìyàn ní ẹ̀dà. Mo jókòó títí ó fi fún mi.

Ó ku orúkọ. Baba kò pa á láṣẹ. Wọ́n kàn ní àwọn á fẹ́ gbọ́ orúkọ tí kò ní ìparí. Mo rò ó láti Akanran délé, mo mú Pupa. Ajá tó ti lé ní ọdún kan kì í gbàgbé orúkọ rẹ̀ kíákíá, dókítà ẹran sì ti kìlọ̀ fún mi pé ó lè gbà tó oṣù kan. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, mo pe Pupa, kò mi etí. Mo gbé ègé ẹja sókè, mo tún un pè, ẹja ló wò. Ní ọjọ́ kẹta, mo gbàgbé, orúkọ àtijọ́ fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi níwájú odi, mo gé e jẹ sẹ́nu. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo pè é láti ẹ̀yìnkùlé láìgbé ẹja dání, ó gbé orí sókè díẹ̀, ó sì tún gbé e sílẹ̀. Yóò jẹ́ orúkọ náà. Ẹja tí yóò fi kọ́ ọ fún oṣù kan ti wà lórí ààrò.